Kókó Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ akẹ́rù Hadassah kò ní imú. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà iná méjì, ó tán. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n há ẹ́ńjìnnì sí, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá sùn sórí ẹní ẹlẹ́ni méjì. Kí ọwọ́ tó lè dé ara rẹ̀, èèyàn á ká tìmùtìmù sókè, á yọ páànù tó bò ó, á wá dojú bolẹ̀ lé e lórí bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ojú lè rí iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, ọwọ́ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́.

Ọwọ́ Hadassah ń lọ síbẹ̀. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi ti ọmọdébìnrin tí kò tíì dàgbà tán. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílé, ọwọ́ yìí ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ náà ṣe níwájú ilé wọn, létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ikúmápàyí ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀. Òun á sùn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, á di sípánà mú láti ìsàlẹ̀. Ìyàwó á dojú bolẹ̀ lókè, á máa fi ìka wá nọ́ọ̀tì.

“Ó ti kan ìka rẹ?”

“Ó ti kàn mí.”

“Yí i.”

“Ọ̀nà ibo?”

“Ọ̀dọ̀ mi. Ohunkóhun tí kò bá ti yé ọ, ọ̀dọ̀ mi ni kí o máa yí i sí.”

Báyìí ni Hadassah ṣe mọ ẹ́ńjìnnì náà. Kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí oníkálukú wọn ń gbé, bí èèyàn ṣe ń mọ ará àdúgbò.

Lẹ́yìn náà ni Ikúmápàyí bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pẹja lójú òkun Gàbọ́ọ̀n. Ó ní òun yóò dé kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, kí Hadassah tó pọn omi dé, ó ti ká ìjókòó ọkọ̀ sókè, ó ti ki ọwọ́ ńlá yẹn bọ ibi tí kò gbà á. Rọ́bà kan tó ń gbé omi gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ti là lẹ́nu. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó wé e mọ́ ọn, ó fi okùn àwọ̀n dì í, ó sì ta kókó sí i. Nígbà tó máa fi yọ ọwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ gíríìsì.

“Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?” Hadassah bi í.

“Mo ti so ó,” ni ó wí. “Kò ní jò.”

Òjò dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Òjò mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ikúmápàyí ń pè nígbà tí ọkọ̀ wọn bá sún mọ́ èbúté. Á béèrè Dáraolúwa ọmọ wọn tó wà nílé ìwé ní Ìkòròdú, á béèrè ìyá rẹ̀, á béèrè bí ọ̀sà ṣe kún tó. Bí wọ́n bá béèrè ìgbà tó ń bọ̀, á ní ẹja kò tíì pọ̀ tó.

Ní ilé àwọn ọkọ Hadassah, a kì í gé kókó tí ẹni tó wà lórí omi ta sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tó mú ọ̀bẹ lọ sídìí okùn ìsáṣọ lẹ́yìn ilé. Màmá kò pariwo. Ó kàn gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ọkọ rẹ ló ta á. Ó wà lójú omi. Jẹ́ kó bá a níbẹ̀.” Hadassah kì í ṣe ọmọ apẹja. Bajulaiye ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń di ìwé pọ̀ fún àwọn onítẹ̀wé, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ń so nǹkan pọ̀ nílé wọn. Nítorí náà ó di òfin yìí mú bí àlejò ṣe ń di òfin ilé onílé mú, ó dì í mú ṣinṣin ju bí onílé fúnra rẹ̀ ti ń ṣe lọ. Láti ọjọ́ tí Ikúmápàyí ti lọ, kò fọwọ́ kan okùn ìsáṣọ, bó tilẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tí ìdí aṣọ ń gbálẹ̀.

Ti kókó inú ọkọ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn, bí ó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ṣí ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ yẹ epo wò. Á bọ́ òrùka, á fi sẹ́nu, á ti ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, á yí ọrùn ọwọ́, á kọjá páìpù, títí ìka rẹ̀ yóò fi kan kókó náà. Ó le, ó tóbi tó ẹ̀wà kan. Kò ní fà á, kò ní tẹ̀ ẹ́. Á kàn fi ìka lé e fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo nǹkan tó kù lára Ikúmápàyí nínú ilé, aṣọ rẹ̀, ìgò ìpara rẹ̀, ẹlòmíràn ti gbé e kúrò láyè kan sí òmíràn. Èyí nìkan ló ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í wo ojú ẹni. Ní ìgbà ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́ ohun tí wọ́n wé mọ́ ọn. Hadassah ra rọ́bà tuntun ní ọjà Ládipọ̀ pẹ̀lú kílíìpù méjì tí yóò fún un mọ́ irin, ó fi wọ́n sẹ́yìn ìjókòó nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà wọ́n. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá ra kẹ́ẹ̀gì omi, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Bàrígà dé Bajulaiye, níbi tó ń kó ẹrù lọ, kò jìnnà. Ó ń bu omi sí i kó tó gbéra, ó ń bu omi sí i tó bá dé. Nígbà tó yá, ó ń dúró ní Abúlé Òkúta láti bu omi sí i láàárín ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní Palmgrove, omi náà tán kó tó mọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti gùn dé òkè, èéfín funfun ń yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹrù Kausarat ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, bébà fún ìwé ètò ìgbéyàwó. Kausarat ní ilé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ó ń dápàárá bí ẹni tó ń jẹ orógbó: kì í rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí Hadassah pè é, ó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wá bá a.

“Ìyá Dára, ẹ dákun, ràkúnmí wo lẹ fi ń kó bébà mi yìí?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Khàlíl. Omi ló fẹ́.”

“Omi náà ló fẹ́ lánàá. Ràkúnmí gan-an, tó bá ti mumi tán, á lọ dé Kánò.”

Hadassah rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nu ọrùn. Kausarat wo èéfín náà títí, ó wá sọ ohùn kalẹ̀. “Ẹ gbọ́. Ìwé ètò tó bá dé lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ó fi dáná ni. Mo fẹ́ràn yín, ẹ mọ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá tún dá dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, màá wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.”

Wọ́n kó bébà náà sínú Márúwá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, Hadassah rọ omi sí i, ó wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ Adéjìmí, mẹkáníìkì tó wà ní Abúlé Òkúta. Adéjìmí so dígí kékeré mọ́ igi, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì.

“Okùn?” ni ó wí. “Ta ló so ọkọ̀ mọ́ èèkàn bí ewúrẹ́?”

“Bàbá Dára ni.”

“Àwọn ará omi. Ẹ ṣáà fún mi ní bíléèdì.”

“Ẹ má gé e.”

Adéjìmí gbé orí sókè. “Kí ni n ṣe fún un nígbà náà, kí n gbàdúrà sí i?”

Adéjìmí nu dígí mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò. Ó ti ń wo ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí Ikúmápàyí ṣì wà nílé. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “bí ẹ ò bá fẹ́ ká gé e, àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, ká yọ páìpù tòun tokùn. Iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ ni, n ò sì gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá tún hó báyìí, orí ẹ̀ á wọ́. Tórí ẹ̀ bá sì ti wọ́, ẹ ta á fáwọn onírin.”

Hadassah wa ọkọ̀ náà délé. Nínú ẹ̀ ló jókòó sí fún ìgbà pípẹ́, tí kò bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló ń bọ́ wọn. Òun ló ń mú ọmọ wà nílé ìwé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bíléèdì wà nínú àpótí irinṣẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le lójú ọ̀sà, ohun tó ń fi tu ara rẹ̀ nínú ni pé nǹkan kan ṣì di Ikúmápàyí mú mọ́lẹ̀ níbí. Bí òun bá gé e, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀ lójú òkun, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ọwọ́ òun?

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí àpótí nídìí ilé, ó ń tún àwọ̀n ṣe fún ará ilé kejì. Hadassah kúnlẹ̀ tì í.

“Màmá, ẹjọ́ kan wà.”

“Rò ó.”

Ó rò ó. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti Palmgrove, ó sọ ohun tí Kausarat wí àti ohun tí Adéjìmí wí. Ó sọ ti kókó gbẹ̀yìn. Ọwọ́ Màmá dúró lórí àwọ̀n.

“Láti ọjọ́ tó ti lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ò sì sọ fún mi.” Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n jẹ oúnjẹ tán tí wọn kò pè. “Gbé mi dé ibẹ̀.”

“Ọkọ̀ náà ga, Màmá.”

“Ẹsẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ lójú ìgbì, ṣé èyí tó dúró gbagidi lórí ilẹ̀ ni kò ní lè gùn?”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gùn ún. Hadassah fi èjìká gbé e nídìí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín kí ó tó balẹ̀ lórí ìjókòó kejì. Hadassah ká tìmùtìmù sókè. Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ó fi aṣọ wé apá ìyá náà dé ìgúnpá, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tọ́ ọ sọ́nà gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì. Ọwọ́ Màmá ti gbẹ, egungun àti iṣan ni. Ó wọlé láìfarapa.

“Ẹ yí i díẹ̀. Ẹ kọjá páìpù yẹn. Ó ti kàn yín?”

Màmá di ojú.

“Òun ni,” ó ní. “Ọwọ́ òsì ló fi ta á. Láti kékeré, bí mo ṣe lù ú tó, ọwọ́ òsì ni.”

Hadassah rí i tí iṣan apá rẹ̀ ń mì, bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn kiri nínú òkùnkùn yẹn. Lẹ́yìn náà, iṣan náà dúró. Màmá la ojú, kò sì wo Hadassah. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń nu ìka rẹ̀ mọ́ etí ìró, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ìrù wà lára rẹ̀,” ó ní.

“Ìrù kí ni, Màmá?”

“Okùn náà. Ó fi ìrù sílẹ̀ fún un, ó tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ rọ́bà. Gíríìsì ló bò ó. Bí o bá fà á, á tú.”

Hadassah kò mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ béèrè. “Ẹ ní a kì í…”

“Mo ní a kì í gé e. Ta ló ní a kì í tú u?” Màmá sinmi ẹ̀yìn mọ́ ìjókòó. “Kókó méjì là ń ta. Ẹni tí yóò dé nírọ̀lẹ́, kókó líle ló ń ta, torí òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá tú u. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn, a máa fi ìrù sílẹ̀ fún ará ilé. Kò ní fẹ́ kí nǹkan há mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí òun. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ kan ń ta ẹja níta, ó kọjá, ohùn rẹ̀ lọ. Hadassah wo inú ihò ẹ́ńjìnnì náà. Gbogbo Ìsinmi yẹn, òun ti fọwọ́ lé e, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ìka òun rìn kọjá ibi tó le.

“A jẹ́ pé ó mọ̀,” ó ní. “Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó mọ̀ pé òun ò ní tètè dé.”

“Ó mọ̀.”

“Ó sọ fún mi pé kí òjò tó dáwọ́ dúró.”

“Ẹnu ló fi sọ ìyẹn,” ni Màmá wí.

Nígbà tó yá, Hadassah bọ́ òrùka rẹ̀, ó ní, “Ta ni yóò fà á? Ẹ̀yin lẹ bí i.”

“Mo bí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tìrẹ ló mọ̀ pé ó ń lọ síbẹ̀.”

Kò rọrùn bí wọ́n ṣe rò. Ìrù okùn náà ti lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà. Hadassah rẹ aṣọ sínú kẹrosíìnì, ó fi ìka méjì gbé e lọ síbẹ̀, ó ń fi í pa á títí gíríìsì fi rọ̀. Ó wá a, ó sọnù. Ó tún wá a, ó rí i. Ó fi èékánná mú un. Ó mí sínú, ó sì fà á. Kókó náà kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ara rẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń jọ̀wọ́ ìka ìyá rẹ̀ tí oorun bá gbé e lọ.

Ó mú okùn náà jáde. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè, ó wé e mọ́ ìka ara rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ gidi ló wá kù. Hadassah gbé ọpọ́n sábẹ́ ọkọ̀, ó jẹ́ kí omi tó kù nínú ẹ́ńjìnnì dà sí i. Ó tú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí apá rẹ̀ lè rí ààyè. Ó já rọ́bà inú táyà kúrò, ó yí rọ́bà àtijọ́ sọ́tùn-ún sósì lórí ẹnu irin kó tó gbà láti bọ́, ó fi aṣọ nu ìpẹtà ibẹ̀. Ó fi ọṣẹ pa ẹnu rọ́bà tuntun nínú kó lè yọ̀. Ó ti í, kò wọlé. Ó rántí pé kílíìpù ni ó yẹ kí òun kọ́kọ́ fi wọ rọ́bà. Ó yọ ọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, sípánà kò ní ààyè láti yípo; díẹ̀ báyìí ló ń rí yí, á yọ ọ́, á tún fi í kọ́, á tún yí i díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bi ara rẹ̀ pé ọ̀nà ibo. Kò sẹ́ni lábẹ́ ọkọ̀. Ó fi ìka wá a títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ó rọ omi sí i, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì náà. Afẹ́fẹ́ inú omi ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń wálẹ̀, ó ń bù kún un. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná dáadáa, ilẹ̀ ṣì gbẹ. Màmá ti sùn lọ lórí ìjókòó, ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń mì ín bí ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kó bébà Kausarat lọ, ó kó o bọ̀. Kò dúró lójú ọ̀nà. Kausarat wo ọkọ̀ náà yíká, ó ní ó jọ pé ràkúnmí ti gbàwẹ̀. Hadassah rẹ́rìn-ín, ó sì kó ẹrù sílẹ̀. Nígbà tó ń darí lọ sílé ní ọkọ̀ òfìfo, ó rí i pé òun kò ní ìdí kankan mọ́ láti ṣí ìjókòó yẹn. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, fóònù dún. Ikúmápàyí ni. Ó kí i, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìyá rẹ̀. Ó wá béèrè ọkọ̀.

“Ṣé rọ́bà yẹn ṣì ń di omi mú?”

“Mo ti pààrọ̀ rẹ̀.”

“O rí ìrù rẹ̀?”

“Màmá ló rí i. Èmi ni mo fà á.”

“Ó dáa,” ó ní. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá Dára, ẹ ti mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Tí mo bá sọ, ṣé wàá jẹ́ kí n lọ?”

“N ò ní jẹ́ kí ẹ lọ.”

“Ṣé o rí i.”

Hadassah yí ojú sí ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ń bọ̀ lókèèrè, aṣọ ìgbòkun wọn ti di àlẹ̀mọ́. “Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?”

“Hadassah, n ò fẹ́ pa irọ́ kejì fún ọ.”

Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ìbá tún béèrè. Kò béèrè. Ó gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀.

“Kí nìyẹn?”

“Omi ni. Ó ń lu ara ọkọ̀.”

“Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn.”

Ikúmápàyí kò béèrè ìdí. Ìró omi náà wá, ó wúwo, kò kánjú, kò jọ ti ọ̀sà. Màmá ti jáde láti inú ilé, ó rí ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í, ó fi etí kan ẹ̀yìn fóònù níhà kejì. Hadassah kò gbé e kúrò. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ omi. Nígbà mìíràn, láàárín ìgbì kan àti èkejì, wọ́n ń gbọ́ bí Ikúmápàyí ṣe ń mí.